Àwọn Tí Kò Fẹ́ Palẹ̀ Mọ́

Fóònù ni mo ń tún ṣe ní oríta Ìfọ̀ǹyìn, nítòsí ibi tí àwọn ọlọ́kadà tí à ń pè ní zémìjàn ti ń dúró de èrò. Mo fi ilé ìwé sílẹ̀ kí n tó ṣe BEPC, ìdánwò ìparí ìpele àkọ́kọ́ ilé ìwé girama, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí kò fi mí sílẹ̀. Bí mo bá pààrọ̀ ojú fóònù oníbàárà tán, ohun tí mo fi ń dán an wò ni kí n ka nǹkan kan nípa sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ti bá mi níbi tí mo ti ń kàwé lọ, tí mo ti gbàgbé pé fóònù wọn ni.

Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ọmọ àbúrò mi obìnrin wú, a rò pé eyín ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Nígbà tí eyín méjì bẹ̀rẹ̀ sí í mì, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́, wọ́n ní ká máa gbé e lọ sí Kútọnu. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún wa pé jẹjẹrẹ ni, irú èyí tó máa ń mú àwọn ọmọdé ní àgbọ̀n lágbègbè wa. Wọ́n ní irú rẹ̀ máa ń gbọ́ òògùn.

Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà rọ̀, ọmọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe yẹ̀yẹ́ mi. Ṣùgbọ́n irun rẹ̀ bọ́ tán, ẹnu rẹ̀ di egbò, débi pé ògì tútù nìkan ló lè gbé mì. Nígbà tó yá, wíwú náà dúró lójú kan, kò lọ sílẹ̀ mọ́, ó tún fẹ́ máa le. Dókítà rẹ̀, obìnrin kan tó máa ń bọ́ bàtà kó tó jókòó létí ibùsùn ọmọ, sọ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ti ń kọ òògùn, pé òun fẹ́ lo òmíràn tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká mú un padà wá lọ́jọ́ Ajé, ká má ṣe jẹ́ kó pẹ́.

Màmá mi ló kọ̀. Nílé wa, bí ọ̀ràn bá ti kan ọmọ kékeré, ọ̀rọ̀ Màmá ni abẹ gé. Ó wo orí ọmọ tó ń dán, ó wo ẹnu rẹ̀, ó ní ọmọ òun kò ní padà síbi tí wọ́n ti ń fi òògùn bó o bí ẹ̀gẹ́. Àbúrò mi kàn ń sunkún ni.

Lójú tèmi, àlàyé ló kù. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ọmọ dùbúlẹ̀ sórí ẹní níwájú ilé, Màmá ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Mo jókòó tì wọ́n, mo na ọwọ́ mi.

"Màmá, ẹ wo ìka mi. Nígbà tí mo wà nínú yín, awọ so wọ́n pọ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà láàrin wọn ló kú, ni ìka fi là. Ojoojúmọ́ ni nǹkan ń kú nínú ara tó dá ṣáṣá. Èyí tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ yìí ni kò fẹ́ kú. Ohun tí à ń wá ni pé kó kú..."

Abẹ̀bẹ̀ dúró.

"Ta ló ń pe nǹkan yẹn létí ọmọ mi?"

"Màmá, sẹ́ẹ̀lì ni mo..."

"Ó tún fẹ́ pè é! Dìde kúrò lórí ẹní yìí! Ẹlẹ́nu gbọ̀ngbọ̀n. Astagfirullah!"

Mo dìde. Níwájú aláìsàn, pàápàá ọmọdé, a kì í pe orúkọ ikú. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìtara ló gbé mi lọ. Ọmọ fúnra rẹ̀, tó máa ń fi Faransé pe èmi ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Tọ́ntọ̀n, gbójú sókè wò mí.

"Tọ́ntọ̀n, ṣé pẹ́pẹ́yẹ ni yín tẹ́lẹ̀ ni?"

Nígbà tó di Sátidé, mo lọ bá Màmá ní ọjà Ìgòlò láti bá a di àwọn bídọ́ọ̀nù, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì epo tó ń tà. Ọjà ń tú. Àwọn tó ti Nàìjíríà wá ti ń padà sódìkejì ààlà, wọ́n ti ń ká tàpólì. Obìnrin oníṣu kan nìkan ni kò mira. Iṣu rẹ̀ dí ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà jáde, ó sì tún ń kó òmíràn jáde látinú àpò.

"Ìyá oníṣu!" Màmá kígbe. "Ọjà ti tú o! Àbí ọkọ lé ẹ nílé ni?"

"Òun ló ní kí n má tètè dé, ó ń se ọbẹ̀ fún mi!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò kúrò. Àwọn èèyàn ń fún ara wọn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu.

"Màmá," mo ní, "ohun tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ nìyẹn."

Ó ń fa okùn lọ. Mo ń ṣọ́ ẹnu mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ. Mo ní sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló ní àsìkò tó yẹ kó palẹ̀ mọ́. Àwọn àpò kéékèèké kan wà nínú rẹ̀ tó ń pèsè agbára. Bí àsìkò bá tó, àpò náà yóò lu, ohun inú rẹ̀ yóò jò, èyí tó jò yẹn ni yóò sì jí àwọn ọ̀bẹ tíntìntín tí yóò gé sẹ́ẹ̀lì náà wẹ́wẹ́. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ yóò gbé e mì láìsí ariwo. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ òògùn ní olùṣọ́ púpọ̀, tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa dí ibi tó fẹ́ jò.

"Bí a ṣe ń fi ọṣẹ dí bídọ́ọ̀nù tó bá ń jò," Màmá ní.

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

"Irun ọmọ mi ńkọ́? Ṣé irun náà kọ̀, kò palẹ̀ mọ́ ni?"

Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn ju ọ̀pọ̀ ohun tí mo ti kà lọ. Mo ní rárá, òògùn náà ni kò mọ ẹni yà. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó bá ń yára pọ̀ sí i ló ń bá jà, ti ìdí irun àti ti inú ẹnu sì ń yára náà. Àwọn yẹn yóò padà wá.

"Òògùn tuntun yìí, ṣé yóò lé wọn lọ?"

Ó wù mí kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. "Mi ò mọ̀, Màmá. Dókítà gan-an ò búra."

"Kò búra?"

"Ó ní òun ní ìrètí, ṣùgbọ́n òun ò lè búra. Ó ní bí a bá jókòó sílé nìkan ni òun mọ ibi tó máa já sí."

Màmá ta okùn náà ní kókó. Láti kékeré ló ti ń ta ọjà, ó sì mọ̀ pé ẹni tó bá ń búra lórí ọjà, kí a yẹ ọjà rẹ̀ wò dáadáa.

"Ẹni tí kò búra yẹn," ó ní, "mo fẹ́ rí i."

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ìtọ́jú náà ṣì ń lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà tún ti ń rọ̀, dókítà kò sì tíì sọ pé ó tán. Lọ́jọ́ Ajé yẹn, Màmá bá wa dé Kútọnu. Ó wo dókítà látòkè délẹ̀, ó ní kí n bá òun bi í bóyá òun lè gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fa òògùn sí i lára. Dókítà ní ó lè gbé e. Màmá jókòó sórí ibùsùn, ọmọ fẹ̀yìn tì í láyà. Òògùn bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

"Màmá àgbà, ó tutù lọ́wọ́ mi."

Màmá fi àtẹ́lẹwọ́ bo apá rẹ̀, lókè ibi tí abẹ́rẹ́ wà. Kò gbé ọwọ́ náà kúrò títí òògùn fi tán.