Fìlà Tí Brenna Dé

Nígbà tí Kóòṣì Dietz yọ Brenna kúrò nínú àwọn mẹ́rin tó ń lúwẹ̀ẹ́ fún ilé-ìwé wọn, tó sì fi Kelsie, ọmọ tóun fúnra rẹ̀ bí, rọ́pò rẹ̀, ó ní, "Yunifásítì wo ló máa gba ẹni tó ń wẹ̀ bí adìẹ tó já sómi?"

Gbogbo ìgbà òtútù ni Brenna fi ń bọ́ sómi kí ilẹ̀ tó mọ́, ìbínú ló sì fi ń wẹ̀. Nígbà tí ìdíje ìpínlẹ̀ dé, ó fi Kelsie sẹ́yìn pátápátá.

Lọ́jọ́ tí àwọn eléré ìdárayá ń dé fìlà yunifásítì tí wọ́n yàn lójú gbogbo ilé-ìwé, fìlà yunifásítì méjì tó fẹ́ gbà á ló wà níwájú Brenna. Ọ̀kan jẹ́ ti ibi tí Kelsie ń lọ, níbi tí Dietz fúnra rẹ̀ ti kàwé. Kóòṣì jókòó síwájú, ó ń fọ́nnu fún àwọn tó yí i ká, "Èmi ni mo kọ́ ọ."

Ọwọ́ Brenna kọjá fìlà yẹn. Ti yunifásítì tó máa ń bá ti Kelsie figa gbága nínú ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún ló mú dé.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Dietz. "Ìwọ àti Kelsie ì bá jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà."

"Ẹ̀yin lẹ yọ mí nínú ẹgbẹ́ ẹ̀, Kóòṣì. Ẹ sọ fún un pé ọdún mẹ́rin gbáko ló máa fi wo àtẹ́lẹsẹ̀ adìẹ."