Simeon Ṣóyẹmí àti Àgádágodo Tí Kò Ṣeé Ṣí

Ìbẹ̀fun ni wọ́n ti bí Simeon Ṣóyẹmí, ní agboolé àwọn alágbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Òde ló ti rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ọkọ́ àti àdá ni bàbá rẹ̀ ń rọ. Òun náà bá a fi ẹwìrì fẹ́ná títí ó fi di ọmọ ogún ọdún, kó tó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wẹ́dà kan lọ́nà Èjìnrìn. Nígbà tó gba òmìnira, kò ṣe géètì àti fèrèsé bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó rí i pé alùpùpù ń pọ̀ sí i nílùú, tí àwọn olùkọ́, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gùn ún, tí olè sì ń jí i. Ló bá dojú kọ ṣéènì àti àgádágodo.

Ṣéènì tó ń ṣe nípọn bí àtàǹpàkò. Irin tí wọ́n tú lára ọkọ̀ akẹ́rù ló fi ń ṣe é, yóò fi í sínú iná títí yóò fi pọ́n, yóò sì rì í bọ inú òróró dúdú, kí ayùn má baà ràn án. Irin ni ara àgádágodo rẹ̀, ṣùgbọ́n idẹ ni inú ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀, nítorí idẹ kì í dípẹtà, kọ́kọ́rọ́ kì í sì í há sínú rẹ̀ nígbà òjò. Ẹni tó bá ra ọ̀kan, kọ́kọ́rọ́ méjì ni yóò gbà. Simeon yóò wá sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo àdúgbò ti mọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu: ẹni tó bá fẹ́ ṣí i láìsí kọ́kọ́rọ́, kó lọ gbé ẹ̀rọ wẹ́dà wá, kó wá iná mànàmáná tí yóò fi ṣiṣẹ́, kó sì bẹ gbogbo ará ilé kí wọ́n di etí. Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín. Òótọ́ sì ni, fún bí ọdún mẹ́wàá.

Ní ọdún 1987, ó lọ sí Èkó lọ ra irin, ó sì rí dírìlì kan nínú ẹrù àlòkù tí wọ́n kó ti òkè òkun dé. Dírìlì ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ihò sára igi àti irin, ṣùgbọ́n èyí kò ní okùn iná rárá. Bátìrì ló wà nídìí rẹ̀, ike ni ara rẹ̀, ó fúyẹ́, kò sì wọ́n ju bàtà aláwọ kan lọ. Bí iná bá wà, bátìrì á gba agbára. Bí iná bá lọ, iṣẹ́ ń lọ. Simeon rà á nítorí iná tó máa ń lọ.

Lọ́sẹ̀ tó gbé e dé, ó dán an wò lára àgádágodo tirẹ̀. Ó ki ẹnu rẹ̀ bọ ojú kọ́kọ́rọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Idẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde bíi gààrí elépo, kò sì pẹ́ rárá tí àgádágodo fi yanu sílẹ̀. Simeon jókòó sórí àpótí, ó nu idẹ kúrò lára dírìlì títí kò fi ku ẹyọ kan. Mọ́ṣádé ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sọ fún. Ìyẹn ní kó má ṣe dán irú rẹ̀ wò mọ́ níbi tí ojú wà.

Ní agboolé wọn ní Ìbẹ̀fun, alágbẹ̀dẹ kì í yá ẹni tí kì í ṣe alágbẹ̀dẹ ní irin iṣẹ́. Ọmọ owú, ẹ̀mú, ayùn, ti Ògún ni gbogbo wọn; ohun yòówù tí ẹlòmíràn bá fi wọ́n ṣe, ẹni tó ni wọ́n ni Ògún yóò bi léèrè. Simeon ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ kò yá ẹnikẹ́ni ní ọmọ owú rí. Ṣùgbọ́n kò ka dírìlì yìí mọ́ irin. Ike ni. Kò tilẹ̀ kó o mọ́ àwọn irin iṣẹ́ yòókù. Ẹ̀gbẹ́ rédíò ló ń gbé nínú yàrá. Nítorí náà, nígbà tí Ìbítáyọ̀, káfíńtà tó ń gbé lójúlé kejì, wá tọrọ rẹ̀ pé òun fẹ́ fi lu igi fèrèsé, ó gbé e fún un.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀,” Ìbítáyọ̀ wí. “Mi ò ní fi gbẹ́ kànga.”

Ọjọ́bọ̀ ló mú un lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló dá a padà.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an ni wọ́n jí alùpùpù Nọ́ọ̀sì Edith. Agbẹ̀bí ni, alùpùpù yẹn ló sì fi ń lọ sí àwọn abúlé tí mọ́tò kì í tètè dé. Ṣéènì Simeon ló fi so ó mọ́ òpó nínú ọgbà ilé ìgbẹ̀bí. Kọ́kọ́rọ́ kan wà nínú báàgì rẹ̀. Èkejì wà lọ́wọ́ Ràsákì Sàlàkọ́ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kó lè bá a gbé e kúrò lójú òjò. Lọ́jọ́ náà, Nọ́ọ̀sì wà lọ́dọ̀ aboyún tó ń rọbí, Sàlàkọ́ sì lọ kírun Jímọ̀. Nígbà tó dé, ṣéènì ló bá nílẹ̀. Alùpùpù ti lọ, àgádágodo náà ti bá a lọ. Wọ́n yẹ ṣéènì wò lójú kọ̀ọ̀kan, kò sí ibi tí ayùn kàn.

Gbogbo èèyàn ní kọ́kọ́rọ́ ló ṣí i. Wọ́n ní Sàlàkọ́ yóò ti fún ẹnìkan ní ti ọwọ́ rẹ̀ kó tó lọ kírun. Ọlọ́pàá mú un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́tà, wọ́n ránṣẹ́ pe Simeon sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ṣéènì rẹ̀ wà lórí tábìlì. Sàlàkọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìwọ bàtà, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Ọ̀gá wẹ́dà,” ọlọ́pàá bi í, “ṣé èèyàn lè ṣí àgádágodo yín láìsí kọ́kọ́rọ́?”

“Kò ṣeé ṣe,” Simeon dáhùn.

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kó tó rò ó. Ọdún mẹ́wàá ló ti ń sọ ọ́. Sàlàkọ́ gbójú sókè, ó wò ó. Ọlọ́pàá kọ ọ́ sínú ìwé.

Ojú ọ̀nà ni Simeon ti rántí idẹ tó tú jáde bíi gààrí. Ó yára wọlé, ó gbé dírìlì wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, ó dorí rẹ̀ kodò, ó sì gbọ̀n ọ́n sórí ìwé ìròyìn. Lẹ́búlẹ́bú igi, funfun ni. Ohun tó jábọ́ sórí ìwé náà pọ́n, ó sì ń dán. Ó kan ilẹ̀kùn Ìbítáyọ̀, kò sí ẹni tó dáhùn. Àwọn ará ilé ní ó ti ré kọjá sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ láàárọ̀, ó ní iṣẹ́ yá.

Oṣù kan ṣáájú, ní ibùdókọ̀, àwọn èrò ti mú ọkùnrin kan tí wọ́n ní ó jí alùpùpù. Ọ̀sán gangan ni Simeon kọjá níbẹ̀. Táyà tí wọ́n fi sun ún ti jó tán nígbà náà, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ bá a délé lára aṣọ. Òórùn yẹn ló padà sí i nímú báyìí.

“Ẹ lọ jù ú sódò,” Mọ́ṣádé wí. “Bàbá Adétóun, bí wọ́n bá bá nǹkan yìí nílé wa, ṣé ẹ rò pé wọn á dúró bi yín lẹ́ni tẹ́ ẹ yá a?”

Kò jù ú. Ó fi àkísà dì í, ó rì í sínú àpò gààrí. Láti ọjọ́ yẹn, bí alùpùpù kan bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, á kọ́kọ́ yọjú wò ó láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń dúró wá ra ọjà ni. Ọ̀rọ̀ tó sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá ti tàn kálẹ̀, àwọn èèyàn ń wá nítorí rẹ̀. Olùkọ́ kan gbá a léjìká, ó ní ẹnu rẹ̀ lásán ti mú olè, kó bá òun ṣe ṣéènì méjì. Simeon gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ̀rọ̀, àwọn èrò lè sọ òun di olè. Bí òun bá sì dákẹ́, Sàlàkọ́ ni yóò jìyà ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, Kúbúrátù, ìyàwó Sàlàkọ́, wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. Kò sunkún. Ó ní ẹsẹ̀ ọkọ òun ti wú, kò lè kírun lórí ìdúró mọ́.

“Ẹ̀yin lẹ ṣe é, ẹ̀yin lẹ mọ inú rẹ̀,” ó wí. “Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi lè ṣí i?”

Simeon ní òun yóò rò ó. Obìnrin náà dìde. Ó ní òun kì í bọ irin, Mùsùlùmí lòun, ṣùgbọ́n òun gbọ́ pé àwọn ará Ìbẹ̀fun kì í fi irin purọ́, òun yóò sì lọ bá àwọn àgbà wọn.

Ó lọ lóòótọ́. Ní Ọjọ́rú, Fátókí, olórí àwọn alágbẹ̀dẹ, ránṣẹ́ sí Simeon pé kó wá fi irin búra lórí ọ̀rọ̀ tó sọ. Simeon gbé àgádágodo kan sínú àpò, ó yọ dírìlì nínú gààrí, ó gbé e tì í. Kò tíì mọ ohun tí òun yóò ṣe. Nínú mọ́tò, ó di àpò náà mọ́ra bí ẹni gbé ẹyin.

Àgbà márùn-ún ló jókòó nínú ilé arọ. Kúbúrátù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Fátókí nawọ́ irin tútù kan sí i, ó ní kó tẹ̀ lé òun: bí òun bá purọ́, bí ọwọ́ òun tàbí irin iṣẹ́ òun bá mọ̀ nípa alùpùpù yìí, kí irin má jẹ̀ẹ́ kí òun délé.

Simeon gba irin náà. Ọwọ́ òun kò mọ̀ nípa rẹ̀. Irin iṣẹ́ òun ńkọ́? Ike ni, ó ń wí fún ara rẹ̀, ike ni. Bí ó bá fẹnu kan irin yìí báyìí, ó lè padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí yóò gbé e padà, irin ni. 

“Bàbá,” ó wí, “nǹkan tí wọ́n fi ike ṣe, ṣé irin ni?”

“Kí ló ń jẹ?”

“Ó ń jẹ igi. Ó ń jẹ idẹ.”

“Irin ńkọ́?”

“Ó ń jẹ ẹ́, Bàbá.”

“Irin ni, nígbà náà,” Fátókí wí. “Ajá kì í di ewúrẹ́ nítorí pé wọ́n wọ ẹ̀wù fún un.”

Simeon gbé irin náà sílẹ̀, ó tú àpò, ó ní nǹkan inú rẹ̀ lè ṣí àgádágodo òun. Nígbà tí wọ́n rí dírìlì, àwọn àgbà wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn bi í bóyá Kérésì ló ra ìbọn ọmọdé yẹn dè. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òmíràn ní ó jọ pé àánú obìnrin ló ń ṣe é, tó fi fẹ́ ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́.

Ó fi àgádágodo há òrùka irin tó wà lára òpó, ó yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó fi í lé Fátókí lọ́wọ́. Ó ki ẹnu dírìlì bọ ojú ihò. Ó ti tó ọjọ́ márùn-ún tí bátìrì rẹ̀ kò ti gba iná. Ó yí díẹ̀, ó ń fà, ohùn rẹ̀ ń wálẹ̀. Òógùn bo Simeon lójú. Ó wá yé e pé bí bátìrì bá kú síbẹ̀, kò ní sẹ́ni tí yóò gbà á gbọ́ mọ́ láyé, Sàlàkọ́ yóò sì lọ sẹ́wọ̀n. Ó fi àyà ti ẹ̀rọ náà. Idẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Dírìlì dúró, ó tún yí lẹ́ẹ̀kan, àgádágodo sì já bọ́ sílẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Fátókí ṣí ọwọ́, ó wo kọ́kọ́rọ́ tó wà níbẹ̀.

“Ta lo yá?”

Simeon dárúkọ Ìbítáyọ̀.

“Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Láti ọjọ́ Àbámẹ́tà.”

“Ọjọ́ márùn-ún nìyẹn,” Fátókí wí. “Kó ẹrù ẹ. Ìjẹ̀bú-Òde là ń lọ.”

Ọlọ́pàá tú Sàlàkọ́ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì ti Simeon mọ́lé dípò rẹ̀ títí tí wọn yóò fi rí káfíńtà. Sàlàkọ́ kọjá níwájú rẹ̀, ó ń tiro.  Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó mú Ìbítáyọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, pẹ̀lú alùpùpù Nọ́ọ̀sì Edith nínú ilé tó ń kan fèrèsé sí. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, Mọ́ṣádé ń mú ìròyìn wá: àwọn tó ra ṣéènì ń gbé alùpùpù wọn wọ yàrá, olùkọ́ ọjọ́sí ti wá sọ pé òun kò fẹ́ ṣéènì mọ́, àwọn kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọn kò sọ ohun tí wọ́n ń wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n ti Simeon mọ́lé, Kúbúrátù wá sí àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú abọ́ ìkọ́kọrẹ́. Ó dúró níwájú irin ojú fèrèsé.

“Ẹ̀yin lẹ sọ ohun tí wọ́n fi tì í mọ́lé,” ó wí.

“Èmi ni.”

“Ẹ̀yin náà lẹ sọ ohun tí wọ́n fi tú u sílẹ̀.”

“Èmi náà ni.”

Ó ṣí abọ́ náà, ó bu ìdajì sínú ọmọrí rẹ̀, ó sì ti abọ́ sí i láàárín irin.

“Ọkọ mi ní kí n gbé gbogbo rẹ̀ fún yín,” Kúbúrátù wí. “Èmi ni mo ní kó jẹ́ ìdajì.”

Ó gbé ọmọrí dání pẹ̀lú ìdajì tó kù, ó sì jáde lọ.