Ìyá Alákùkọ àti Àbúrò Rẹ̀

Aránṣọ ni obìnrin yìí, ṣùgbọ́n tó o bá béèrè aránṣọ ládùúgbò rẹ̀, wọn ò ní mọ ẹni tó ò ń wí. Ìyá Alákùkọ ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára nìyí. Ẹnì kan gbé àkùkọ sínú páálí, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù obìnrin yìí, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn a máa ra òròmọdìyẹ, wọ́n á máa retí ẹyin. Nígbà tó bá wá dàgbà tó di akọ, tó ń kọ kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ará ilé kejì á gbé ìjà dé. Kò yé ẹyin, kò jẹ́ kéèyàn sùn, ta ló fẹ́ ẹ? Obìnrin yìí kò lè pa á. Ó gbé e káàkiri títí ó fi rí ọkùnrin kan tí abo adìyẹ kún ọgbà rẹ̀ láìsí akọ kankan. Àtìgbà náà ni wọ́n ti ń kó àkùkọ wá bá a, tó sì ń wá ilé fún wọn. Kì í fi ọ̀kan sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó dé ilé ẹni tó fẹ́ gbà á, kó wo ibi tí adìyẹ ń sùn, kó sì wo ojú onítọ̀hún bóyá ìkòkò ọbẹ̀ ló ń rò.

"Ẹ ò ní pa á?"

"Ìyá, a ò ní pa á."

"Ẹ tún un sọ."

Nígbà tó yá, wọ́n wó ilé tí àbúrò rẹ̀ obìnrin ń gbé, ó bá kó wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Onídìrí ni àbúrò yìí, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí i lẹ́nu. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti ń dirí, bó bá sì ti ń dì í ló ń polówó àkùkọ. "Orí yín wà lọ́wọ́ mi báyìí, ẹ ò lè sá lọ. Ṣé ẹ máa gba ọ̀kan àbí ẹ ò ní gbà?" Obìnrin á rẹ́rìn-ín, á ní òun á bá ọkọ òun sọ ọ́. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ọgbà ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ń kó àkùkọ sí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Ó yẹ kí inú ẹ̀gbọ́n dùn. Ẹnu rẹ̀ ní, "O ṣé o." Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé àkùkọ bọ̀ kò kí i dáadáa mọ́ kí wọ́n tó béèrè pé, "Àbúrò yín dà?" Á fi ìka tọ́ka síta, á tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́lẹ̀ débi pé òwú á já.

Àkùkọ pupa kan ló wá ba nǹkan jẹ́ pátápátá. Ó ti jìyà níbi tó ti wá, kì í jẹ́ kéèyàn sún mọ́ òun. Ìyá Alákùkọ ti fi sùúrù bẹ̀ ẹ́ títí, ó ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ na àgbàdo sí i, kò gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló jáde sẹ́yìnkùlé, ló bá àkùkọ náà tó pajú dé lórí itan àbúrò rẹ̀ bí ọmọ tó yó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wò ó! Ó fò gùn mí ni, mi ò pè é o."

"Mo rí i," ló sọ, ó bá wọlé. Kò lè jẹun àárọ̀. Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Tirẹ̀ ti gbẹ mọ́ egungun lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ tí àbúrò lọ ra irun, ìyá arúgbó kan láti orí òkè wá. Àbúrò ti bá a sọ̀rọ̀ sílẹ̀, àkùkọ pupa yẹn ló wá mú. Ìyá Alákùkọ wò ó, ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rò ó.

"Ẹ má bínú, mà. Àìsàn ń ṣe é. Ó ń húkọ́."

Ìyá náà kọrí sílé. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́ pé àrùn adìyẹ wà nílé Ìyá Alákùkọ. Ẹni tó fẹ́ gba àkùkọ kò gbà mọ́. Ẹni tó fẹ́ já tirẹ̀ sílẹ̀ kò dẹ́kun. Àkùkọ pọ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń ṣe ara wọn léṣe, onílé sì ní kí wọ́n kó wọn kúrò. Àbúrò ń ti ojúlé dé ojúlé, ó ń gbèjà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ọ̀tá ẹ̀gbọ́n mi ló sọ ọ́! Ẹ sọ fún mi, ta ni?"

Ó sọ ọ́ délé, omi dé sí i lójú. Ẹ̀gbọ́n kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Èmi ni. Èmi ni mo sọ ọ́."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Kí ló dé?"

"Wọ́n fẹ́ràn rẹ jù."

Àbúrò wò ó, kò rẹ́rìn-ín. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ onídìrí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìyá Alákùkọ gbé àkùkọ pupa náà sínú agbọ̀n, ó gun òkè lọ, ó sì jẹ́wọ́ fún ìyá arúgbó náà níṣojú àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ìyá náà ya ẹnu àkùkọ wò, ó yẹ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ wò, ó ní, "Ìwọ ni àìsàn ń ṣe, ọmọ mi," ó sì gba àkùkọ náà. Láti ibẹ̀ ni ìròyìn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

Owú náà kò kú o. Títí di ìsinsìnyí, bí ẹnì kan bá béèrè àbúrò rẹ̀, á kọ́kọ́ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n á júwe ilé fún un. Àbúrò kò padà wá gbé ibẹ̀, kò sì ya ibẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Àfi lọ́jọ́ kan tí àbúrò pè é lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Wọ́n gbé àkùkọ kan wá síbí, ó ti fi ẹnu ṣá mi lẹ́sẹ̀ káàkiri. Kò gbà fún mi rárá!"

"Kò gbà fún ọ?"

"Kò gbà!"

Ìyá Alákùkọ fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó wọ bàtà. Àánú àbúrò rẹ̀ ṣe é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn, ó dùn ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ lójú títì kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.