Ọjọ́ Tí A Dán Taya Tuntun Wò

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan la fi ń jẹun nígbà náà, èmi àti ọkọ mi. A máa ń kó ìrẹsì, òróró àti tòmátò inú agolo ní ọjà Singer, a ó sì gbé e káàkiri fún àwọn onísọ́ọ̀bù ní Sabon Gari. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ ń wà á, kó tó di èmi. Mo máa ń bọ́ bàtà kí n tó ṣíná ọkọ̀, nítorí àtẹ́lẹsẹ̀ mi ni mo fi ń mọ bí taya ṣe ń ṣe nílẹ̀. Àwọn ọkùnrin a máa fi mí rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n rín in títí eyín wọn á fi já.

Taya tòkúnbọ̀ ló fọ́ ọkọ mi lójú. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, mi ò sì gba àríyànjiyàn lórí ẹ̀. Gbogbo wa ní Kano la gbà pé tòkúnbọ̀ sàn ju tuntun lọ, pé òyìnbó ti lò ó, ara rẹ̀ ti gbó. Irọ́ ni. Ọ̀kan bẹ́ mọ́ ọkọ mi lọ́wọ́ ní Gwagwarwa lọ́sàn-án gangan, ọkọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà, ó sì fọ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin tó ń ta ìrèké. Àwọn èèyàn wọ́ ọ jáde. Hausa wà níbẹ̀, Yorùbá wà níbẹ̀, Ìbò wà níbẹ̀. Ẹnu kan ni gbogbo wọn fi ń pariwo pé ó ti mutí yó, bẹ́ẹ̀ ọkọ mi kì í mu ju kókó lọ. Wọ́n fi ìrèké náà nà án. Ẹnìkan fi òkúta gún un lójú òsì. Nígbà tí mo débẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú débi pé mo gbẹ́sẹ̀ kọjá lára rẹ̀, tí mo ṣì ń wá ọkọ mi kiri.

Láti ọjọ́ náà, kò wọ ọkọ̀ yẹn mọ́. Ó ní ká tà á. Mo ní kí la ó wá máa jẹ? A jà lórí ọ̀rọ̀ yìí títí a fi fọ́ abọ́ ilé tán. Níkẹyìn mo lọ ra taya tuntun, irú èyí tí wọ́n ní kò mọ òjò, kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ní kó bá mi jókòó lẹ́ẹ̀kan péré. Bí taya yìí bá gbé e lọ sí Singer, tó gbé e bọ̀, tí ẹ̀rù kò bà á, ká máa bá iṣẹ́ wa lọ. Bí ẹ̀rù bá bà á, n ó ta ọkọ̀. Ó gbà.

Mai faci, ẹni tó ń lẹ taya lẹ́bàá ilé wa, ló dè wọ́n mọ́ ọkọ̀. Ọkọ mi dúró tì í, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá taya, ó ń ní, “Ƙara, ƙara! Add am. Ẹrù la fẹ́ kó.” Mai faci ń fi atẹ́gùn kún un. Gbogbo awakọ̀ ìlú yìí ló gbà pé taya tó bá le bí òkúta ni kò ní bẹ́. Mo mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù. Mo dákẹ́, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti rí i tó ń dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nígbà tí a gbéra. Kòtò àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ fò sókè bí ewúrẹ́ tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára, orí ọkọ mi sì lu òrùlé. Sítíárìn ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, àtẹ́lẹsẹ̀ ń ta mí. Mo tẹ bíréèkì níbi tí omi dá rogún sí, ìdí ọkọ̀ yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọkọ mi ké. Ó fi ìkúùkù lu dáṣíbọ́ọ̀dù, ó lù ú, ó tún lù ú, títí ike rẹ̀ fi là.

“Mo sọ fún ẹ! You wan kill me finish? Sọ̀ mí kalẹ̀!”

“Ta ló ní kí wọ́n fẹ́ taya bẹ́ẹ̀? Èmi ni? Dádì, ẹ jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́ kí n tó fi sípánà la orí yín!”

Mi ò pè é ní “ìwọ” rí, ì báà jẹ́ nínú ìjà.

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo sọ̀ kalẹ̀ sínú omi pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, mo sì fi orí ìṣó tẹ ẹnu taya kọ̀ọ̀kan. Atẹ́gùn ń tú jáde ṣìì. Mo ń fi géèjì wò ó títí taya fi rọ̀ bó ṣe yẹ. Inú ń bí mi débi pé mo fi ìṣó náà gún ara mi lọ́wọ́.

Nígbà tí a tún gbéra, ó dà bíi pé ọkọ̀ mìíràn ni. Taya ń gbé kòtò mì. Sítíárìn ń gbọ́ràn. Bí mo bá fi ìka kan ṣẹ́ ẹ, ó ti yà. A kó ẹrù ní Singer, agolo kan kò kan èkejì. Inú mi dùn, mo ń kọrin. Ọkọ mi kọjú sí ẹ̀gbẹ́ títì.

Lẹ́bàá ọjà Sabon Gari ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ti já wọ iwájú wa nínú omi, kò wẹ̀yìn. Mo fi gbogbo ara tẹ bíréèkì. Mo ń retí kí ìdí ọkọ̀ yọ̀. Kò yọ̀. Taya di títì mú gírígírí, ọkọ̀ dúró gbọnrangandan, ó kù díẹ̀ kíún kó kan kẹ̀kẹ́ náà.

“Dádì, ẹ rí i! Ẹ rí taya!”

Ṣùgbọ́n àwọn èrò inú kẹ̀kẹ́ ń lọgun, ariwo wọn sì pe èèyàn. Ẹnìkan fi igi lu iwájú ọkọ̀ wa. “Ku sauko! Ku sauko!” Wọ́n ní ká sọ̀ kalẹ̀. Mo yíjú, àga ẹ̀gbẹ́ mi ti ṣófo. Ọkọ mi ti wà nílẹ̀, ó ń fi sípánà wíìlì yí ara rẹ̀ ká. Ó fọ́ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tiwa. Ó bá ọkùnrin kan léjìká, mo gbọ́ bí egungun ṣe dún. Wọ́n rọ́ lù ú. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo fi eyín mú ọwọ́ tó fún un lọ́rùn, mi ò sì tú u sílẹ̀ títí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ̀rù kò bà mí rárá. Mo fẹ́ pa ẹnìkan ni.

Oníkẹ̀kẹ́ yẹn ló gbà wá. Ó já wọ àárín wọn, ó ń pariwo, “Ku bari! Laifina ne!” Ó ní ẹ̀bi òun ni, kò sí ẹni tó fara pa nínú kẹ̀kẹ́ òun. Ó fọ́ ẹnìkan létí kí wọ́n tó gbọ́. Èmi ni mo gbé ẹni tí ọkọ mi lù léjìká lọ sí ilé ìwòsàn nínú ọkọ̀ yẹn kan náà, òun àti ọkọ mi jókòó ti ara wọn, ẹnìkan kò wo ẹnìkejì.

Nígbà tí a délé, mo ń fi omi gbígbóná nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Agídí ò jẹ́ kí n dákẹ́.

“Dádì, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Lẹ́yìn tí mo tú atẹ́gùn yẹn, báwo ni taya ṣe rí lára yín?”

Ó fi ojú kan tó kù wò mí.

“Mọ́mì, mi ò mọ̀. Mi ò gbọ́ taya kankan. Láti ilé dé Singer, ọwọ́ àwọn èèyàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni mò ń wò.”

Mo ta ọkọ̀ náà. Mo sọ fún ẹni tó rà á pé taya rẹ̀ dára.