Ọjọ́ Tí Gáàsì Jáde Nínú Fíríìjì Wa

Lánàá, ọ̀gbẹ́ni tó ń tún fíríìjì ṣe wá rọ gáàsì sí tiwa. Bó ṣe tú ìdí páìpù, èyí tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ tú jáde, ṣìì. Mo dìde, mo lọ jókòó síta. Ẹ̀yin ọmọ mi rẹ́rìn-ín pé mo ń sá fún fíríìjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ò mọ̀.

Ìlú Karu la gbé dàgbà, èmi àti Yétúndé àbúrò mi. Bàbá wa ń tún fíríìjì ṣe, òkú fíríìjì ló kún àgbàlá wa. A máa ń tò jókòó sórí wọn, a ó ní ọkọ̀ tó ń lọ sílé ìyá àgbà ní Kabba ni. Bàbá a máa ní ká fọwọ́ kan ẹ̀yìn èyí tó ń ṣiṣẹ́, ká rí i bó ṣe gbóná. Ó ní òtútù kì í ti ìta wọlé. Gáàsì inú páìpù ló ń gba ooru ara oúnjẹ, tó ń gbé e lọ dànù sẹ́yìn, tó tún ń padà wá gbé òmíràn. Kì í tán, àfi bí páìpù bá lu. Yétúndé ní alábàárù ni gáàsì yẹn, ó béèrè bóyá kì í rẹ̀ ẹ́.

Yétúndé ní ìtọ̀ ṣúgà láti kékeré. Inú fíríìjì ni oògùn abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gbé, torí ooru máa ń bà á jẹ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìlá, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, Màmá lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ ní Kabba, Bàbá sì ríṣẹ́ sí Zuba, ó ń sùn síbẹ̀. Ìyá onílé ló ń wò wá, èmi ni mo sì ń gún Yétúndé lábẹ́rẹ́, bí Màmá ṣe kọ́ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, yìnyín ń wù mí jẹ. Mo fi ọ̀bẹ gún èyí tó dì mọ́ ara fíríìsà inú fíríìjì wa. Ọ̀bẹ yọ̀, ó gún páìpù lu, gáàsì sì tú jáde. Mo pa ilẹ̀kùn dé. Iná inú rẹ̀ ṣì ń tàn, ẹ́ńjìnnì ṣì ń kùn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò ní tutù mọ́.

Nígbà tí Yétúndé ní omi ò tutù mọ́, mo ní, “Iná tí wọ́n ń mú lọ ló fà á.”

Mo ń fi aṣọ tútù wé ìgò oògùn náà. Yétúndé ń mu omi ṣáá, ó sì ń rù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò lè dìde. Ìyá onílé gbé e lọ sí ọsibítù, kò padà wálé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Títí tó fi dákẹ́, ó gbà pé iná ló fà á.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá tú fíríìjì náà. Ó pẹ́ níwájú fíríìsà. Ó wá sọ fún Màmá pé ìpẹtà ló jẹ páìpù, pé ó yẹ kí òun ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Màmá fi dá a lẹ́bi.

Kí Bàbá tó kú, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ó di ọwọ́ mi mú.

“Mo rí ojú ibi tí ọ̀bẹ ti gún páìpù lọ́jọ́ náà,” ó ní. “Ọmọ kan ti lọ. Mi ò fẹ́ sọ ohun tó máa mú èkejì lọ.”

Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ́ sí àgbàlá wa báyìí. Fíríìjì òde òní kì í sábà dì ní yìnyín mọ́, ọ̀bẹ ò níṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹ̀rù tó ń di ọmọdé lẹ́nu ni kò yí padà. Ohun yòówù tí ẹ bá bà jẹ́ nínú ilé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè wá sọ fún mi.