Kúbúrá Sọ-fún-Méjì

Ọdún tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn ni ìjì ṣí òrùlé Kúbúrá ní Bẹyẹrunkà. Gbogbo rẹ̀ pátá. Ràbíátù ọmọ rẹ̀ sì wà nínú ilé náà, ọmọ tuntun lọ́wọ́. Òjò mìíràn ti ṣú.

Ọ̀wẹ̀ ló yẹ kó pè, kí àdúgbò wá bá a bo ilé. Àmọ́ opó tí ń ranwú, tí kò bí ọkùnrin, ta ni yóò dá a lóhùn?

"Ìwọ àti ta ni yóò bo ilé?" Àjọkẹ́ ará ilé kejì ń rẹ́rìn-ín. "Ìwọ àti òwú rẹ?"

Ẹ̀wà ni Kúbúrá ń ṣà lórí ẹní. Ó fi ẹyọ kan lélẹ̀. Méjì sábẹ́ rẹ̀. Mẹ́rin sábẹ́ méjì. Ìlà kọ̀ọ̀kan kì í béèrè ju ohun kan lọ: mélòó ni èyí tó ṣíwájú mi? Kó sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Nígbà tó dé ìlà kẹfà, ẹ̀wà orí ẹní ti lé ní ọgọ́ta.

Ó fò sókè.

"Àjọkẹ́! Ọ̀wẹ̀ mi pé!"

"Ẹ̀wà ni yóò gun òrùlé?"

"Ṣáà gbọ́. Mo ń bo ilé lọ́la. Mú ìdì koríko kan wá. Sọ fún ẹni méjì, kí àwọn náà mú koríko, kí wọ́n sì sọ fún ẹni méjì-méjì."

Ó sáré sọ bákan náà fún Gàfárù alápatà. Ó sì gbé ẹ̀wà kaná, èyí tó tó ọgọ́ta ẹnu.

Ìlà kẹfà ló dúró sí. Lórí ẹní. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó dúró.

Ilẹ̀ mọ́. Koríko ló ń rìn bọ̀! Láti Ọjà'ba. Láti Màpó. Láti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àwọn tí kò rí Kúbúrá rí ń béèrè ilé Kúbúrá. Oòrùn kò tíì mú tí wọ́n fi bo ilé náà tán. Èèyàn ṣì ń dé.

"Oúnjẹ wọn dà?" Àjọkẹ́ sọ ọ́ sí i létí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ̀wà ọgọ́ta ẹnu péré ni Kúbúrá sè. A kì í pe ọ̀wẹ̀ kí á fi ebi sìn wọ́n sílé. Ìtìjú bẹ́ẹ̀ á bá Ràbíátù dọ́jọ́ alẹ́. Ó wo òkìtì koríko. Ó wo òrùlé Àjọkẹ́ tó ti ń jò tipẹ́. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ gba ilé Àjọkẹ́ lọ! Ẹni tí ẹ bá bo ilé rẹ̀ ni yóò dáná fún yín, òun náà ni yóò fi ilé tó kàn hàn yín!"

"Kúbúrá, o pa mí o!" Àjọkẹ́ ti ń sáré wá ìkòkò.

Ilé Àjọkẹ́. Ilé Gàfárù, tòun tẹran. Ilé Baba Yésúfù, olórí agboolé. Ilé kan ń pe èkejì, ìkòkò kan ń pe èkejì, àfìgbà tí koríko tán.

Òjò dé nírọ̀lẹ́, tariwo tariwo. Ràbíátù tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sókè orí ọmọ. Ẹ̀kán omi kan kò bọ́ sí i.

Sọ-fún-Méjì ni gbogbo àdúgbò ń pe Kúbúrá láti ọjọ́ náà. Nígbà tó kú, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni méjì péré ni Ràbíátù sọ fún. Kí wọ́n tó kírun sí i lára, ojúde ò gbèrò mọ́.