Ọmọ-ogun Tí Bàbá Mi Kò Jẹ

Tí mo bá ti gbọ́ tí igi kéékèèké ń kan pákó, inú á tún bí mi. Mo tún wà ní àgbàlá ilé-ìwé ní Savalou, òórùn iṣu sísun ń bọ̀ láti ìta. Bàbá mi, tó jẹ́ olùkọ́, àti ọ̀gá ilé-ìwé, Faransé kan, ń ta eré ọba àti ayaba, ìyẹn ṣẹ́ẹ̀sì, lórí pákó. Kì í ṣe ayò, bí àwọn ọmọ ṣe máa ń pè é.

Ọ̀gá kì í jẹ́ kí Bàbá mú àwọn ọmọ eré funfun láéláé. "Dúdú fún dúdú!" Ó rẹ́rìn-ín, ó ti ọmọ-ogun kan, ọmọ eré tó kéré jù, síwájú. "Jẹ ẹ́, olùkọ́. Ọ̀fẹ́ ni."

Bàbá kò jẹ ẹ́. Wọ́n ti ọmọ-ogun iwájú ayaba tiwọn jáde láti kojú rẹ̀. Ojúkòkòrò mú Ọ̀gá, ó jẹ ọmọ-ogun Bàbá kan. Ayaba dúdú bá fò jáde, ó dojú kọ ọba funfun.

"Ẹ ṣọ́ ọba yín, Ọ̀gá."

Ọ̀gá fọwọ́ gbá gbogbo ọmọ eré náà sínú iyanrìn. Inú bí mi sí Ọ̀gá, inú sì bí mi sí Bàbá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń ṣà wọ́n. Bàbá nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún tò wọ́n sórí pákó.

"Ẹ jókòó, Ọ̀gá. Dúdú náà ni n ó mú."

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí Ọ̀gá gbé iṣẹ́ Bàbá kúrò ní Savalou, tó sì lé wa lọ sí abúlé Agoua.